Nọ́ńbà Tí Ọkùnrin Kan Kò Lọ Wò Fúnra Rẹ̀

"Má pa fóònù o. Mò ń wọlé lọ wò ó."

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ọkùnrin kan bá a sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a dúró lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń fọwọ́ sí ohun tí kò rí. Èmi ni ọkùnrin náà. Mo fẹ́ sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ti ẹlòmíràn, kí n lè sọ ọ́ tán.

1.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kí ó máa ka ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan tó ní ẹ̀ka mẹ́jọ. Lọ́dọọdún, yóò lọ sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, yóò fọwọ́ kan gbogbo kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti àwọn àpótí bátìrì tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kú bí iná bá lọ. Yóò ka nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn, yóò tàn wọ́n, yóò wá kọ ọ́ sínú ìwé bóyá wọ́n ṣì dára. Òfin ibẹ̀ kò gùn: ohun tí o kò bá fọwọ́ kàn, má kọ ọ́.

Ọdún mẹ́rin ló fi pa òfin yìí mọ́. Bó bá ti ń rá wọ abẹ́ tábìlì, àwọn òṣìṣẹ́ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́:

"Ọ̀gá Nọ́ńbà dé o! Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín, kó má baà lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn!"

Òun náà á rẹ́rìn-ín.

2.

Ní ọdún karùn-ún, ọ̀gá àgbà ń wá ẹni tí yóò fi ṣe olórí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọwọ́ òun yá. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló fi ka ẹ̀ka méje. Ó wá ku ẹ̀ka kẹjọ, tó wà lẹ́yìn ìlú. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe akọ̀wé. Ó ní, kí lòun tún ń lọ ṣe níbẹ̀ nígbà tí ẹni òun wà níbẹ̀? Ó pè é.

"Akọ̀wé mi, bá mi ka àwọn nọ́ńbà tó wà lọ́dọ̀ yín."

"Èmi? Olówó orí mi, ṣé ìwọ ni wọ́n ń sanwó fún àbí èmi?"

"Ọkọ ẹ ni wọ́n ń sanwó fún. Kí ló yàtọ̀?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó kà wọ́n. Àpótí bátìrì kan ló kù, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn. Nọ́ńbà rẹ̀ kọjú sí ògiri, kò sì lè rí i. Ọkùnrin náà ní kó fi sílẹ̀. Ó ṣí ìwé ọdún tó kọjá, ó da nọ́ńbà náà kọ, ó sì kọ "Ó dára" sí iwájú rẹ̀.

3.

Wọ́n fi í ṣe olórí. Kò pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nílé.

"Àpótí yàrá ẹ̀yìn yẹn ti wú bí ikùn aboyún. Ó ń gbóná."

"Ó wà nínú ìwé pé ó dára."

"Ìwé wo? Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́, o ò sì débẹ̀."

"Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ọ̀gá ẹ̀ka kẹjọ tiẹ̀ kọ lẹ́tà wá pé kí wọ́n pààrọ̀ àpótí náà. Iwájú ọkùnrin náà ni lẹ́tà ọ̀hún balẹ̀ sí. Bó bá fọwọ́ sí i, wọn yóò bi í léèrè bí ohun tó ní ó dára ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ṣe bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ti lẹ́tà náà bọ abẹ́ àwọn ìwé mìíràn.

Ẹ má tíì bú u. Ẹ kọ́kọ́ wo orí tábìlì tiyín náà.

4.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá àgbà sọ pé àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ láti ìta, wọn yóò fi ohun tó wà nínú ìwé wé ohun tó wà nílẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ka. Ọkùnrin náà gbé fóònù. Ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Bá mi yí àpótí yẹn padà, kó o ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi, kí n mọ̀ bóyá ó bá èyí tí mo kọ mu."

"Ó ń rùn lónìí o. Wá fúnra ẹ."

"Nọ́ńbà ni mo bi ẹ́, mi ò bi ẹ́ ní òórùn."

Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ sókè yẹn.

Ọkùnrin náà mú bírò dání, ó ń retí. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Ó gbọ́ tí wọ́n wọ́ nǹkan nílẹ̀. Ó gbọ́ ìró kan, gbàù! Fóònù sì kú.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ló wọ inú èéfín àpótí tó bú náà lọ gbé ìyàwó náà jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nílé ìwòsàn, kò lajú, kò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, nọ́ọ̀sì fi aṣọ bò ó lójú.

Níbi ìsìnkú, ìyá ìyàwó rẹ̀ di ọkùnrin náà lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, o tọ́jú ẹ̀. Gbogbo wa la rí i."



Ẹ̀yin èèyàn mi, bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ láti wo nǹkan, ẹ lọ wò ó. Ẹ má yá ojú ẹlòmíràn lò. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò rí, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ìtìjú ọjọ́ kan kì í pani, ìbòmọ́lẹ̀ ló ń pani. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ìròyìn kò tó àfojúbà.

Títí di òní, ọkùnrin náà kò tíì padà dé ẹ̀ka kẹjọ. Kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá géètì. Kò tíì kó aṣọ ìyàwó rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò tíì sọ fún ọ̀gá àgbà ohun tó ṣe. Kò tíì sọ ọ́ fún ìyá ìyàwó rẹ̀.