Ọsàn Mẹ́fà Láràárọ̀

Ọsàn mẹ́fà ni ọmọbìnrin kan máa ń fún láràárọ̀ kó tó wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́. Olùkọ́ ni, kì í fi nǹkan falẹ̀. Á gé wọn sí méjì-méjì, á fún wọn títí kò ní sí ẹ̀kán kan mọ́, á sẹ́ ẹ, á da hóró àti gbogbo ohun tó ṣẹ́kù sójú asẹ́ nù. Á wá bu omi ọsàn náà fún ìyá rẹ̀ sínú ife gíga tí bàbá rẹ̀ ń lò nígbà ayé rẹ̀. Òun náà ló ń fún ti bàbá nígbà yẹn. Ọdún kejì rèé tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú bàbá lọ. Nígbà tí wọ́n tún rí i lára ìyá, ọmọ náà búra pé àìsàn yìí ò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá yìí ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ. Ẹ̀bá fèrèsé ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, á tún máa fi àwọn tó ń lo awò ojú ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní báyìí, abẹ́rẹ́ mẹ́wàá ni ọmọ rẹ̀ ń bá a ki òwú bọ̀ kó tó jáde, á gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré kan, torí pé ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ò bá wálẹ̀, tí ara rẹ̀ ò sì fúyẹ́ díẹ̀, ojú náà ń lọ nìyẹn.

Ṣúgà ò wálẹ̀. Láràárọ̀ ni ọmọ ń gún ìyá níka, á fi bírò pupa kọ iye tó bá rí sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ọgọ́sàn-án. Igba. Igba ó lé ogún. Bẹ́ẹ̀ ó ti kó ṣúgà kúrò nílé, ó ti dín búrẹ́dì kù sí ègé kan, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ò sì gbọdọ̀ wọlé. Ìyá gun òṣùwọ̀n títí, kò fi kílò kan dín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ní ṣé wọn ò kúkú lè bó ọsàn náà fún òun kí òun jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ ò tiẹ̀ léyín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mu ún, omi rẹ̀ ni gbogbo oore rẹ̀ wà."

Ìyá wo ife náà fún ìgbà díẹ̀, ó gbé e, ó sì mu ún tán.

Nígbà tí ìwé náà dé igba ó lé àádọ́ta, ọmọ gbà pé ẹnìkan ń jẹ nǹkan ní kọ̀rọ̀. Ó tú yàrá ìyá palẹ̀. Ó wo abẹ́ ìrọ̀rí, ó wo inú àpò àjákù aṣọ, ó fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ yọ. Bọ́tìnnì ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ó wá mú ìyá jókòó, bó ṣe ń mú akẹ́kọ̀ọ́ tó sá ní kíláàsì.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń jẹ tí mi ò mọ̀?"

Ìyá dorí kodò. Ó fi etí aṣọ nu ọwọ́ tí kò tutù.

"Bisikíìtì ni," ó ní. "Mo máa ń rà á tó o bá ti lọ. Má bínú."

Ojú ti àwọn méjèèjì. Ọmọ ò tíì gbọ́ kí ìyá rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó jáde lọ sunkún ní ilé ìdáná, kò sì béèrè ibi tí ọ̀rá bisikíìtì náà wà.

Ìyá máa ń dá wọlé sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ni tọ́jọ́ ilé ìwòsàn bá pé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ ní àwọn jọ ń wọlé ni, òun á sọ ọ́ níṣojú nọ́ọ̀sì, bóyá ìtìjú á jẹ́ kí ìyá jáwọ́. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí bẹ́ńṣì, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun nìkan wọlé. Ohùn kíláàsì ni ọmọ fi dá a lóhùn, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà sì yíjú sí wọn. Ó ṣe ìyá bíi kí ilẹ̀ lanu.

Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ wọ́n ti lọ sí ìsinmi. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó níwà pẹ̀lẹ́ ló jókòó sípò rẹ̀. Ọmọ gbé ìwé bírò pupa sórí tábìlì, ó sì ròyìn bisikíìtì látòkè délẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì, ó kàn ń wò ó.

"Èmi ò rí bisikíìtì níbí. Omi ọsàn ni wọ́n kọ. Ṣé ẹ ti fi í sílẹ̀, mà?"

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọmọ, ó ṣàlàyé fún un pé ọsàn fúnra rẹ̀ ò burú, téèyàn bá jẹ ẹyọ kan tòun ti ẹran inú rẹ̀, ìyẹn èyí tó máa ń ṣẹ́kù sójú asẹ́: ẹran yẹn ló ń jẹ́ kí ṣúgà inú rẹ̀ rọra wọ ẹ̀jẹ̀, tó sì ń jẹ́ kí ikùn mọ̀ pé òun ti jẹun. Ṣùgbọ́n omi ọsàn mẹ́fà nínú ife kan, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà lọ tààrà, kì í yó èèyàn, kì í sì í jẹ́ kí ara fúyẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, ó tó," ni ìyá wí.

Nọ́ọ̀sì rò pé àlàyé òun ló gùn jù. Ó fi ìka tọ ìlà tí nọ́ọ̀sì tó lọ sí ìsinmi fọwọ́ kọ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì kà á sókè pé: "Mo ti kìlọ̀ fún ìyá kí wọ́n má mu omi ọsàn mọ́, wọ́n ní àwọn á máa mu ún lọ, torí bí ọmọ àwọn bá fi lè mọ ohun tí omi ọsàn ń ṣe fún onítọ̀ ṣúgà, á rántí pé òun lòun ń fún omi ọsàn fún bàbá òun títí bàbá fi kú."