Kóòtù Tí Fóònù Ń Dún Nínú Rẹ̀

Ẹ dákun, ẹ má ka èyí dé àárín kẹ́ ẹ wá kọjá lọ. Ẹ kà á tán, nítorí ẹni tó ń gbéra ga kì í gbọ́ nígbà tí oríire bá ń kan ilẹ̀kùn.

1. Ọdún mọ́kànlá ni Corwin Haskell fi gbé oúnjẹ fún oníbàárà nílé oúnjẹ kan ládùúgbò tíátà ní New York. Bọ́gà ni wọ́n ń tà, àti ìhà ẹlẹ́dẹ̀ sísun. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bi oníbàárà níbẹ̀ ni pé, “Aago mélòó ni eré yín?” kí oúnjẹ má baà dá wọn dúró. Ọjọ́ tí Corwin bá fẹ́ lọ fi ara rẹ̀ han àwọn tó ń yan òṣèré, Loretta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń bá a tọ́jú àwọn tábìlì rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n mú un. Wọ́n fi í ṣe adelé nínú eré kan: bí ara olórí òṣèré kò bá yá, òun ni yóò bọ́ sórí ìtàgé. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè jáde, àmọ́ kò gbọdọ̀ jìnnà, fóònù kò sì gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò pè é rí. Ìyẹn ló tàn án.

2. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, eré ti bẹ̀rẹ̀, Corwin wọ kóòtù tuntun, ó di ilé oúnjẹ tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Tábìlì mi ò jìnnà, ìṣojú mi ló ṣe. Ó fi kóòtù kọ́ ẹnu ọ̀nà, fóònù wà nínú rẹ̀. Loretta rẹ́rìn-ín pàdé rẹ̀, ó béèrè aago eré rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ojú Corwin le.

“Ọ̀gá ni kó o máa pè mí. Oníbàárà ni mí lónìí.”

Ó dá bọ́gà padà, ó tún dá a padà. Ó ní tábìlì dọ̀tí. Ó ń sọ ọ́ sókè kí àwọn ará ilé ìdáná lè gbọ́.

“Ọ̀gá, fóònù yín ń dún nínú kóòtù.”

“Oúnjẹ ni mo ní kó o gbé wá, mi ò ní kó o gbé ìmọ̀ràn wá.”

Ó tún dún. Loretta wo kóòtù, ó wo Corwin, ó lọ sídìí tábìlì mìíràn. Mi ò dá a lẹ́bi o.

3. Nígbà tí eré parí, èrò ya wọlé. Ìyá àgbà kan jókòó nítòsí Corwin, ó ń nu ojú. Ó ní àárín eré ni àìsàn kọlu olórí òṣèré, wọ́n wá adelé títí, wọn ò rí i, ni ọmọkùnrin kan láàárín àwọn oníjó bá gba ipò rẹ̀.

“Ọmọ yẹn pa mí lẹ́kún,” ni ìyá náà wí.

Corwin sáré sídìí kóòtù. Ìpè kún ojú fóònù. Ó kọjú sí Loretta.

“Kí ló dé tó ò fà mí dìde?”

“Oúnjẹ lẹ ní kí n gbé wá, ọ̀gá. Mo sì gbé e wá.”

4. Wọ́n lé e kúrò nínú eré náà. Oníjó yẹn ló wà lórí ìtàgé dòní. Nígbà tí ebi ń pa Corwin, Loretta yìí kan náà ló bá a bẹ ọ̀gá ilé oúnjẹ tó fi gbà á padà. Ìyẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ní báyìí, Corwin ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó ń béèrè pé, “Aago mélòó ni eré yín?” Bí wọ́n bá sì dárúkọ eré yẹn, á ní kí wọ́n gbádùn rẹ̀, á sì lọ gbé oúnjẹ wọn wá.

Ìwọ tó ń ka èyí, tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, ṣọ́ra. Ẹni tó bá ọ ru ẹrù lánàá lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìpè rẹ lónìí. Má pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.