Àga Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

"Sún un síwájú sí i."

Badrudeen mẹkáníìkì mú sípánà lọ́wọ́, ó ń wò mí.

Ó ti tú àga gígùn tó wà níwájú píkọ́ọ̀pù wa kúrò. Àga yẹn kì í sún síwájú, kì í sún sẹ́yìn. Àga méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ kan tó ti bàjẹ́, ló ń dè síbẹ̀.

"Ìyá Kareemah, ṣé ẹ ti gbàgbé pé ẹsẹ̀ Bàbá Kareemah gùn ni? Orúnkún wọn á máa gbá sítíárì."

"Mo ní kí o sún un!"

Ó sún un. Mo wọlé jókòó, mo na ẹsẹ̀. Ó kan bíréèkì.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Áà! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa wà á?"

Mo di sítíárì mú. Ẹ̀gẹ́ wa ní Olúpọ̀nnà ti ń jẹrà nínú ilẹ̀.

Ó kọjú sí àga kejì. "Ṣé ká sún èyí náà síwájú?"

"Rárá o. Fà á sẹ́yìn dé ibi tó bá lè dé."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí Bàbá Kareemah lè ráyè na ẹsẹ̀ tí ẹ bá ń gbé wọn lọ sóko."

Ó dè é, ó fi àkísà nu eruku orí rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo rí wọn kẹ́yìn. Ẹ bá mi kí wọn o."

"Wọ́n á gbọ́."

Mo ṣáná sí ọkọ̀.

Lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà, mo yíjú sí àga tó ṣófo.

"Badrudeen ní kí n kí yín o."

Àárọ̀ yìí ni mo jáde opó.