Ìkòkò Erin ní Erékùṣù Ẹmọ́

Àlọ́ mi gbéra, kò yà síbì kankan, orí Erin amọ̀kòkò ló balẹ̀ sí.

Erin gbé ìkòkò ńlá kan lọ han àwọn ẹmọ́ ní erékùṣù kékeré wọn. Ní tiwọn, wọn kì í bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà àlejò lójú rẹ̀. Wọ́n yí ìkòkò náà ká, wọ́n ní, “Ó dára o, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́.” Kò sẹ́ni tó ní òun máa rà á, Erin ò sì béèrè. Ó sáré délé, ó kọ́ àwọn ará ilé lórin tí wọn ó fi pàdé òun létí omi:

Ẹmọ́ ra ìkòkò mi o,
Kére kére jàńjàn.
Kò ku ọ̀kan nínú ọkọ̀,
Kére kére jàńjàn.

Ó kó ìkòkò kún ọkọ̀, ó padà lọ. Ó pàtẹ títí, ìyìn nìkan ló ń rí. Àánú rẹ̀ ṣe ìyá àgbà ẹmọ́ kan, ó ní kó wá fi nǹkan panu nílé òun. Erin kúnlẹ̀ lẹ́nu ihò. Ṣóńṣó imú rẹ̀ nìkan ló wọlé.

“Ìyá, báwo ni ìkòkò mi ṣe máa gba ibí wọlé?”

“Ohun tí a ti ń retí kí ẹ bi wá nìyẹn, bàbá.”

Ojú ti Erin, ó dìde, ó kó ìkòkò rẹ̀ padà sínú ọkọ̀.

Nígbà tó ń darí bọ̀, àwọn ará ilé rí ọkọ̀ lókèèrè, wọ́n dá orin: “Kò ku ọ̀kan nínú ọkọ̀.” Wọ́n wá dákẹ́, kí ẹni tó kọ́ wọn lórin lè gbè é.

Erin sorí kọ́ láàárín ìkòkò rẹ̀. Kò gbè é.