Àgbò Tí Aràn Kì Í Pa

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò tíì pa á?"

Bí olùwádìí àrùn ẹran kan ṣe bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀ n'Ílódè, kò rántí kí Ìyá Ràódàt, opó tó ń sin àgùntàn. Ọ̀la ni Iléyá, wọ́n sì ti ń pọ́n ọ̀bẹ káàkiri àdúgbò.

"Ẹ fara balẹ̀, Dókítà. Òun rèé lẹ́yìn yín."

Lóòótọ́, àgbò náà wà níbẹ̀, ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ó ń jẹ èèpo iṣu. Ọkàn olùwádìí balẹ̀.

"Èsì ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà lára rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré ti dé láti òkè òkun. Nínú gbogbo àgùntàn tí a yẹ̀ wò n'Ífẹ̀, òun nìkan ló ní àmì inú ẹ̀jẹ̀ tí kì í jẹ́ kí aràn pa ẹran. Àwọn ọmọ tó bá bí ni yóò jogún àmì náà. Ẹkún yín ti dópin, Ìyá!"

Ojú obìnrin náà kún fún omi. Aràn ló ti ń sọ agbo rẹ̀ dahoro lọ́dọọdún.

"Mo mọ̀ pé ẹ rí nǹkan lára rẹ̀! Ọjọ́ tí ẹ ní kí n tọ́jú rẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, mi ò fi falẹ̀ rárá."

"Kí lẹ ṣe fún un?"

"Kí ó má baà máa sá lé abo kiri, kó sì rù, mo ní kí àwọn darandaran bá mi tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kó tó mọ abo rárá. Ẹ ò rí bó ṣe sanra ni?"

Abo àgùntàn kan rọra fara nu àgbò náà kọjá. Àgbò náà kò tiẹ̀ gbé orí kúrò nínú èèpo iṣu.