Ẹ̀kọ́ Àfikún

Gbogbo àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà ló ń pe ọkùnrin náà ní Bàbá, nítorí òun nìkan ni orí rẹ̀ ti funfun nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà. Wọ́n ní kó kọjá síwájú. Ó kọ̀, ó ní kò sí ohun tó ń lé òun. Òótọ́ ló sọ. Nínú ilé tó ń padà sí, kò sí ẹni tó máa béèrè pé ibo lo lọ.

Nígbà tó kàn án, ó wọlé. Obìnrin tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn lórí kọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, bó ti máa ń ṣe fún àgbà, ó sì tún jókòó.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. O tún rù sí i."

"Iṣẹ́ ni, sà." Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà. "Ẹ kú oríire. Ìtàn ni ẹ̀kọ́ yín gangan, ẹ sì ti ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì ọ̀ranyàn ibẹ̀ tán. Kò ku nǹkan kan. Ẹ ò ní láti máa wá síbí mọ́."

 Ọjọ́ tí Bàbá bá wá síbí nìkan ni oúnjẹ máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀kọ́ àfikún tí àwọn ọmọ yẹn ń mú ńkọ́?"

"Kì í ṣe dandan, sà. Ẹ̀kọ́ gangan ló ni dìgírì. Àfikún kàn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni."

"Ó yé mi. Ọ̀kan ni ìyáálé, èkejì ni ìyàwó."

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Bàbá sorí kodò; ó dùn ún pé ẹnu òun yá jù.

"Àfikún máa gbà tó ọdún méjì," obìnrin náà sọ. "Ìwé kíkà ibẹ̀ pọ̀. Ojú yín ò sì ríran tó ti tẹ́lẹ̀."

"Kọ orúkọ mi sí i."

"Èwo lẹ fẹ́ kọ́?"

"Èyíkéyìí tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n máa ní kí n máa wá."

Obìnrin náà wo ojú kọ̀ǹpútà títí, kó tó wá tẹ orúkọ rẹ̀ sí i.

"Ó ti wọlé, sà. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bàbá dúpẹ́, ó sì rọra jáde kúrò níwájú ọmọ kan ṣoṣo tó bí láyé, tí kò jẹ́ kó wọ ilé òun láti ọjọ́ tí Bàbá ti lé ìyá rẹ̀ jáde nítorí obìnrin mìíràn, àmọ́ tí òfin yunifásítì ò gbà fún pé kó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan.