Àyà Ìyá Adéyanjú

Gbogbo Èsìẹ́ ló mọ̀ pé Adéyanjú kì í fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣeré. Nígbà tí arúgbó náà ní àyà ń ro òun láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ńṣe ni Adéyanjú sọ àwọn èrò tó ti jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ kalẹ̀, ó sì gbé ìyá rẹ̀, ó di Ọ̀mù-Àrán. Ẹ̀rù bà á gan-an. Òun nìkan ni ọmọ tó kù fún ìyá yìí, ìyá yìí nìkan náà ló sì kù fún un.

Àìsàn náà kò mọ ọ̀nà ọ̀fun ṣá. Ìyá jẹ iyán tán pátá kó tó tún di àyà mú. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, òun ló ṣáájú lórí àtẹ̀gùn, tòun ti báàgì lọ́wọ́. Adéyanjú dúró lágbedeméjì, ó ń fọwọ́ ra èjìká òsì.

"Ẹ rọra, Màámi. Ẹni tí àyà ń ro kì í sáré bí ewúrẹ́ tó jí iṣu jẹ."

"Ìwọ ni kó o yára. Kí ló ṣe ọ́ léjìká?"

"Sítíárìn mọ́tò ló le. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín."

Dókítà Awóyẹmí, obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, ti ń kí Ìyá Adéyanjú káàbọ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó la ẹnu. Ó fi ẹ̀rọ kan hàn wọ́n. Ó ní iná díẹ̀ ló ń mú ọkàn lù, pé àwọn okùn ara ẹ̀rọ náà yóò gbọ́ ọ láti òde àyà, ẹ̀rọ á sì fà á ní ìlà sórí bébà.

"Ibi tí ẹran ọkàn bá ti kú, iná kì í gba ibẹ̀ mọ́, ìlà á jìn wọlẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ àmọ́ tí kò tíì kú, ìlà ibẹ̀ á gbé sókè."

"Iná kẹ̀?" Ìyá fà sẹ́yìn. "N kò sùn síbẹ̀ o. Kí Adéyanjú kọ́kọ́ sùn, kí n wò ó bóyá á dìde."

"Ẹ̀yin ò fẹ́ kú, ẹ wá ń fi ọmọ yín dán an wò," Adéyanjú dáhùn.

"Ṣebí ọmọ ẹni là á rán níṣẹ́."

Adéyanjú rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ẹ̀wù, ó dùbúlẹ̀. Wọ́n lẹ àwọn nǹkan tútù mọ́ ọn láyà. Àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà níbi tó sùn sí, kí Ọlọ́run má mú ìyá òun lọ. Bébà jáde, dókítà sì wò ó títí.

Adéyanjú dìde jókòó, ó na ọwọ́ sí ẹ̀wù rẹ̀. "Kò dunni rárá, Màámi. Ó yá, ó kàn yín."

Dókítà ní kó padà dùbúlẹ̀, kó má mira, ó sì yíjú sí arúgbó náà: "Ìyá, bí ẹ ṣe wá sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé náà ló rí, ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan ọkàn ọmọ yín mọ́, àmọ́ ẹran ibẹ̀ kò tíì kú, a máa gbà á là, ẹ lè jáwọ́ nínú àyà ríro yín báyìí."